Oníbàárà tó pẹ́

Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà inṣọ́ráǹsì tó ń sọ iye tọdún tuntun, ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n yọ owó rẹ̀ ní báńkì. Ta ní í san iye tí ìyá aláṣọ kọ́kọ́ pè l'Ọ́jà Ọjẹ́?

Lọ́jà tiwa, oníbàárà tó pẹ́ ló ń gba ènì. Níbí, òun ni wọ́n máa ń fowó kún fún. Lọ́dún 2018 ni àjọ Citizens Advice gbé ẹ̀sùn àṣà yìí lọ síwájú ìjọba. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, òfin FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìnáwó, kò gbà kí inṣọ́ráǹsì ilé tàbí ti ọkọ̀ wọ́n fún oníbàárà àtijọ́ ju ẹni tuntun lọ. Òfin tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò ní kí iléeṣẹ́ mìíràn má dínwó ju tiyín lọ, kò sì kan íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ fi tó yín létí láàárín ogójì ọjọ́ sí ọjọ́ mẹ́wàá kí àdéhùn tó parí. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dúnàádúrà. Ẹ wo iye tí àwọn mìíràn ń gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá pe iléeṣẹ́ yín pé ẹ fẹ́ máa lọ. Àwọn tó láṣẹ láti dínwó ni wọ́n sábà máa ń so yín mọ́.

Àwọn àgbà wa tó ń dá gbé ló ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bèèrè, wọ́n á kàn máa san án lọ. Ẹ bá wọn ka lẹ́tà tiwọn náà lópin ọ̀sẹ̀ yìí.