Máàkì Inú Ìdánwò Àwọn Tó Ń Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò A+ tí CompTIA ń ṣe láti 1993, torí àwọn ọmọ wa tó fẹ́ fi í wáṣẹ́.

Pépà méjì ni, dandan sì ni kéèyàn yege nínú méjèèjì. Ìṣẹ́jú 90 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kì í ju 90 lọ. Láti 100 dé 900 ni máàkì: 675 la fi ń yege pépà kìíní, 700 ni ti ìkejì. Ẹ má sọ pé 675 jẹ́ 75 nínú 100 o! Àní ẹni tó fìdí rẹmi pátápátá, 100 ló máa bá níbẹ̀. Iye tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbé, wọn kì í sọ ọ́.

Èyí tó le jù ni ìbéèrè aláfọwọ́ṣe, bíi kí wọ́n ní kí ọmọ to nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú kọ̀ǹpútà. Iwájú ni wọ́n sábà máa ń kó o sí. Ọmọ tó bá jókòó tì í, aago á lọ. Kó fò ó, kó padà wá bá a. Ẹni tó bá kùnà, owó tuntun ló máa san.

Ti ẹ̀kísípò tí wọ́n ń tà kiri ńkọ́? Ẹ má rà á fún wọn. Bí àṣírí bá tú, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí náà padà.