Ẹnu Mẹ́ta, Ẹlẹ́rìí Kan: Bí A Ṣe Ń Mọ Oògùn Tó Ṣiṣẹ́

 

Aboyún kan wá bá mi ní maternité, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù méje. Mo fún un ní hóró oògùn mẹ́ta, SP tí a fi ń dènà ibà, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Fansidar. Ó jù ú sẹ́nu, ó mu omi. Mo kọ ọ́ sínú carnet rẹ̀ pé ó ti lo ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò pẹ́ tó jáde ni ẹni tó ń gbálẹ̀ rí hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti tu wọ́n.

Mo pè é padà. N kò bá a jà. Mo ní, "Àbúrò mi, kí ló dé?"

Ó ní, "Tántì, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà lo ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ tó bí kéré gan-an. Ó ní oògùn yẹn ló fà á. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́ fún mi."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohun tí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, òótọ́ ni, ọmọ náà kéré. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: nínú àwọn tó lo ẹ̀ẹ̀kẹta, mélòó ló bí ọmọ kékeré? Nínú àwọn tí kò lò ó ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ ra àpò àgbàdo, ṣé hóró kan ṣoṣo lẹ ń wò? Ẹ ó ki ọwọ́ bọ òkè, ẹ ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí SP gan-an nìyẹn. Kassoum Kayentao, ọmọ ilẹ̀ Mali, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Áfíríkà jọ, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Ìwádìí méje ló yege, oyún 6,281 ló wà nínú wọn. Mali, Burkina Faso, Kenya, Malawi àti Zambia wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí? Wọn kì í kàn ka ìwé kí wọ́n wá sọ èyí tí wọ́n rántí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ìwádìí kọ̀ọ̀kan: Obìnrin mélòó ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lo oògùn? Ọmọ mélòó ni kò tó kílò méjì ààbọ̀? Mélòó ló kúrò láàárín ọ̀nà, tí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí? Ẹni méjì ló máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kálukú lọ́tọ̀, láìwo tẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìwé méjèèjì wéra, bí ẹ ṣe ń ka owó àjọ níṣojú ara yín. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á padà sídìí ìwé, tàbí kí wọ́n pe ẹni kẹta.

Ẹ lè ní wàhálà yẹn pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù o. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lóru ọjọ́ kan, mo wọn ọmọ tuntun, kílò 2,3 ló jẹ́. Oorun ń kùn mí, mo kọ 3,2. Ọmọ tó yẹ kí a gbé lé àyà ìyá rẹ̀ kí ó lè móoru, tí a sì máa ṣọ́, a ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọjọ́ kejì ni ìyá sáré gbé e padà, ara ọmọ ti tutù. Ọlọ́run yọ wá, ọmọ náà yè. Títí di òní, tí mo bá ti kọ iye, màá ní kí ẹlòmíì bá mi wò ó.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn kan wà, ondansetron, tó ń dá èébì dúró fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lọ́dún 1997, Martin Tramèr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn kan náà jáde nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìsọ pé àwọn kan náà ni. Ẹni tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á rò pé oògùn náà fi nǹkan bíi 23 nínú 100 dára ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ kan á ti ìsọ̀ aláta dé ìsọ̀ aláṣọ, á dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Ẹnu mẹ́ta ló sọ ọ́, ẹlẹ́rìí kan péré ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àbúrò mi yìí rí.

Kí wá ni wọ́n rí lórí SP? Nínú 1,000 obìnrin tó lò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, nǹkan bíi 167 ló bí ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀. Láàárín àwọn tó lò ó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye yẹn fi nǹkan bíi 33 dín. Aburú ńlá kò sì pọ̀ sí i lára wọn. Irú ẹ̀rí yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé yẹ̀wò tí wọ́n fi sọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012 pé kí aboyún máa lò ó nígbàkúùgbà tó bá wá fún àyẹ̀wò, láti ìgbà tí oyún bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ìlò kan sí èkejì.

Àbúrò mi bi mí pé, "Tántì, ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ mi ò ní kéré?" Mo ní rárá, n kò lè búra. Àwọn kan lò ó, ọmọ wọn ṣì kéré, ọ̀rẹ́ rẹ wà lára wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n dín kù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbé hóró mẹ́ta mìíràn mì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé carnet yín dání nígbàkúùgbà. Ẹ gbé oògùn mì lójú wa. Bí ẹ bá tu ú tàbí tí ẹ bì í, ẹ sọ fún wa. Bí mo bá kọ pé ẹ lò ó, tí ẹ ò sì lò ó, ìwé ti purọ́ nìyẹn, ẹni tó bá kà á lọ́la á ní oògùn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí SP kì í bá lára mu, tàbí tó ní kòkòrò Sida tó sì ń lo Bactrim lójoojúmọ́, kó tètè sọ, torí kò gbọdọ̀ lò ó. Àpẹ̀ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹ ṣì máa sùn sábẹ́ rẹ̀ o.

Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ oògùn fún yín lọ́jà, ẹ béèrè pé: ẹni mélòó ni? Nínú mélòó?