Ẹ Má Fi Ara Ẹlòmíràn Ṣe Yẹ̀yẹ́, Ẹ Má Sì Fi Ojú Díwọ̀n Ìlera

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

 

Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń sọ lọ́jọ́ òní: ẹni tó ti san ẹ̀yáwó tán, àti ẹni tó kù díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ara tí a fi ń wá owó náà, nítorí àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa àti àwọn ọmọ wa.

Àwọn ọmọ wa ní kí kálukú fẹ́ràn ara rẹ̀ bó ṣe rí, ìbáà ṣe orobó, ìbáà ṣe lẹ́pa. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lókè òkun. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti gbèjà àwọn tó sanra, kí wọ́n má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Àwọn dókítà ní tiwọn ń kìlọ̀ pé ọ̀rá àpọ̀jù a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìrora orúnkún. Èwo ni ká wá gbà?

Lójú tiwa, òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti yẹ̀yẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ké ìwọ̀n rẹ̀ síta, àwọn tó jókòó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí a óò fi gbọ́, apá òsì rẹ̀ ti rọ. Ìsọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní títì títí di òní. Ẹni tí a bá fi ṣe ẹlẹ́yà kì í tìtorí ẹ̀ rù. Ńṣe ni yóò sá fún ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà.

Ṣùgbọ́n ìyìn náà ní ewu tiẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá sanra, a ó ní, "Owó ti dé, ọkọ ń tọ́jú ẹ." Bó bá rù, a ó máa bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra oògùn tó ń múni sanra. Dexamethasone wà lára ohun tí wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá a lò, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹni tó sì ti ń lò ó tipẹ́, kó má kàn dédé dá a dúró, kó lọ rí dókítà. Tíì tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wálẹ̀, tó ń mú ni yàgbẹ́ ṣáá, omi ara ló ń gbé lọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, oníṣòwò ni wá. Ṣé ojú la fi ń wọn gàrí ni? Oníbàárà ì báà yìn ín, ì báà bú u, kọ́ńgò la fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara. Àjọ ìlera àgbáyé ní bí téèpù tí a fi yí ikùn obìnrin ká bá kọjá 80 sẹ̀ntímítà, ewu ti ń bọ̀. Bó bá kọjá 88, ewu náà ti pọ̀. Bí bípì bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Lẹ́pa náà ń ní in, ó sì lè máà dun èèyàn níbì kankan. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kún ṣíbí ìmutíì kan, ti mágí wà nínú ẹ̀. Àwa tí a ń jókòó ti àtẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ó yẹ ká máa fẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ká fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ bípì kan, ká máa lò ó ní ìpàdé oṣooṣù. Kọ̀rọ̀ la ó ti máa wọ̀n ọ́n, a kò ní ka ti ẹnikẹ́ni síta. Èkejì, ẹni tó bá fi ara ọmọ ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kó san owó ìtanràn bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ta oògùn ìsanra tàbí tíì yẹn nínú ìpàdé wa mọ́.

Àti orobó, àti lẹ́pa, àpò kan náà la jọ ń dá owó sí. Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run gbé ẹni tó wà lórí àìsàn dìde, kí ìsọ̀ rẹ̀ tún ṣí. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.