Ilé Tí Gbogbo Wa Yóò Jọ Kọ́



Ọ̀rọ̀ ilé tí a fẹ́ kọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwòrán rẹ̀ ti dé láti Kútọnu, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n àwa ìgbìmọ̀ ìkọ́lé jẹ̀bi: a kò bi ìyá kankan léèrè ibi tí òjò ti ń fẹ́ wá, tàbí ibi tí wọn yóò gbé ọmọ tí ń sunkún sí nígbà Mísà.

Ẹ wo Gando, abúlé kan ní Burkina Faso. Francis Kéré, ọmọ baálẹ̀ ibẹ̀, tí a bí ní 1965, kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Berlin. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìwé fún àwọn ará ilé rẹ̀, amọ̀ ni ó yàn. Ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n ní òjò yóò wó o. (Àwa náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀.) Kò fi ìwé tí ó kà halẹ̀ mọ́ wọn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka àwòrán, a máa kọ́ àpẹẹrẹ síwájú wọn. Nígbà kan, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fò lórí ọ̀kan, kí ará abúlé lè fojú ara wọn rí i pé kò ní wó. Wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀; wọ́n gbé òrùlé irin sókè kí ooru lè jáde, wọ́n sì nà án kọjá ògiri kí òjò má baà nà án. Àwọn ọmọdé ru òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, wọ́n sì lu ilẹ̀ yàrá kí ó le, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe. Ilé náà parí ní 2001, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004. Kéré fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Òun kan náà ni ó ya ilé aṣòfin tuntun ti Àjàṣẹ́, ní àfijọ igi tí àwọn àgbà ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀.

Ìjọ wa pàápàá mọ ọ̀nà yìí. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947 títí dé 1954, Fadá Kevin Carroll, ti ẹgbẹ́ SMA tí àwọn àlùfáà rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, bá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ṣiṣẹ́ fún ilé Ọlọ́run. Lamidi Fakeye, tí í ṣe Mùsùlùmí, wà lára wọn.

Nítorí náà, kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, a ó fi èèkàn àti okùn sàmì ilé náà sórí ilẹ̀, kí olúkúlùkù rìn nínú rẹ̀. Yóò fà wá sẹ́yìn díẹ̀, àwọn kan yóò sì bèèrè ohun tí owó wa kò ká. A ó gbọ́ wọn. Ẹni tí ó bá rí i pé ẹnu ọ̀nà dojú kọ òjò, kí ó sọ ọ́ nígbà tí okùn ṣì ni ògiri wa. Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà, ni a ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ni yóò kọ́kọ́ wọlé.