Atókùn àti Eégún Onídán



Bí eégún onídán bá jáde, ara agọ̀ ni gbogbo wa ń wò. Bẹ́ẹ̀, ẹni méjì ló ń pa idán náà. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú agọ̀; atókùn ni ojú eégún. Òun ló ń fi pàṣán lé èrò sẹ́yìn. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ àti orin dá àwọn òǹwòran lára yá nígbà tí aṣọ ń yí padà. Bó bá yára jù, idán bàjẹ́; bó bá pẹ́ jù, èrò á fura. (Ti inú aṣọ, awo ni, ẹ má retí rẹ̀ níbí.)

Ní 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo irú eré yìí ní Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tó jẹ́ àlejò Aláàfin. Erè yọrí láti inú àpò, ó ń wá ọ̀nà láti bu ọkùnrin tó mú idà dání jẹ. Bí kò bá sí onídà yẹn, ta ni erè ìbá dojú kọ?

Lónìí, ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ atókùn ṣọ̀wọ́n. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ máa pe orúkọ atókùn ní gbangba lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n sì ya séfà tirẹ̀ sọ́tọ̀.