Ṣé Lóòótọ́ Ni Ọta Kì í Kú?

Bí àwọn àgbà bá ń wúre fún ọmọ, wọn a ní kí ó le koko bí ọta, nítorí ọta kì í kú. Ire ni, mo sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àpáta dáadáa yóò rí i pé òun náà ní ọjọ́ ìbí, òun náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ikú rẹ̀ yìí gan-an ni ó ń bọ́ wa.

Ẹ wo òkúta méjì tí ó wà lórí tábìlì yìí. Èkínní dúdú, ara rẹ̀ sì kúnná, básálìtì ni. Èkejì ni gíráníìtì, irú èyí tí ó wà ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn òkè Ìdànrè. Hóró funfun, hóró dúdú àti hóró tí ń dán bí dígí ni ó kún ara rẹ̀. Láti inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti tutù kò dọ́gba.

Orí ilẹ̀ ni básálìtì ti ń tutù. Ní ọdún 1999, Òkè Kamẹrúùnù tu iná. Àpáta yíyọ́ tí ó ṣàn jáde rìn títí tí ó fi dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ti Limbe lọ sí Idenau. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ lè gbóná ju 1,000 ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, kíá ni yóò dì, àwọn hóró inú rẹ̀ kì í sì ráyè dàgbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bákan náà ni Olúmọ ṣe tú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú àpáta yìí ti dì. Ògì gbígbóná tí a dé mọ́ ìkòkò a máa pẹ́ kí ó tó tutù ju èyí tí a dà sínú àwo pẹrẹsẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún gíráníìtì: ó pẹ́ kí ó tó tutù, ni àwọn hóró rẹ̀ fi tóbi tó ohun tí ojú ń rí.

Ta ni ó wá hú u síta? Òjò àti odò ni, tí wọ́n wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀, àpáta náà wú díẹ̀, ó sán, ó sì ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè wa fi rí róbótó. Gbòǹgbò igi ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ibi tí ó sán, omi òjò sì ń bá a jà: díẹ̀ nínú àwọn hóró rẹ̀ a di amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò, èyí tí ń dán bí dígí kì í jẹrà, òun ni ó ń di yanrìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Ilẹ̀ tí a fi ń gbin iṣu àti àgbàdo, òkú àpáta wà nínú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ó ń gbà kí ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí kò nípọn ju ìka kan lọ tó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa igbó orí òkè run, òjò ọdún díẹ̀ lè gbá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sí ojú pátákó. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí àpáta tí ó súnmọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí ó ti bó, kí wọ́n sì bu erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ wò. Ọmọ tí ó bá mọ iye ọdún tí ilẹ̀ fi dá kò ní jẹ́ kí ọ̀gbàrá gbé e lọ lójú rẹ̀.