Nígbà Tí Ìfura Di Ẹ̀rí: Ìlara Iago Nínú Eré Othello

Ọkùnrin tó tú ilé onílé ká láìfi ọwọ́ kan ìyàwó ilé náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Iago lorúkọ rẹ̀, nínú eré Othello tí William Shakespeare kọ, tí wọ́n ṣe ní ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1604. Othello, ọ̀gágun adúláwọ̀ tó ń jagun fún Venice, fẹ́ Desdemona láìjẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀. Kí eré tó parí, ó ti sé e léèémí pa lórí ibùsùn nítorí àgbèrè tí kò ṣe. Iago, tó ń gbé àsíá ogun lábẹ́ rẹ̀, ló tì í débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé irọ́ nìkan kọ́ ni Iago lò. Àrùn tó ń ṣe òun gan-an ló kó ran ọ̀gá rẹ̀: kí èèyàn máa ka ìfura sí ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń dùn ún láti ẹnu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ráhùn pé Cassio, tí kò mọ ogun ju inú ìwé lọ, ni Othello fi ṣe igbákejì dípò òun. Nígbà tó dá nìkan wà, ó ní wọ́n ń sọ pé Othello ti bá Emilia, ìyàwó òun, sùn. Òun kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àmọ́ òun yóò ṣe é bí ohun tó dájú. Tó bá yá, ó tún fura sí Cassio lórí Emilia kan náà. Samuel Taylor Coleridge, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka gbogbo àwíjàre wọ̀nyí, ó sì gbà pé ìkà tí kò nídìí ló ń wá ìdí kiri. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Nínú ìtàn Giraldi Cinthio ará Ítálì, tó jáde ní 1565, tí Shakespeare ti mú eré yìí, ìfẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ló sọ agbásíá náà di ìkà. Shakespeare dín ìdí yẹn kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó wá fi oríṣiríṣi ẹ̀dùn rọ́pò rẹ̀, gbogbo wọn ló sì dá lórí iyì tí ẹlòmíràn ní. Ẹ wo ìparí ìran kẹta ní apá kẹta: Othello fi Iago ṣe igbákejì níbẹ̀. Oyè tó ń tìtorí rẹ̀ ráhùn bọ́ sí i lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sinmi. Ní apá karùn-ún, bó ṣe ń dúró kí wọ́n pa Cassio, ó ní bí ọkùnrin náà bá wà láàyè, ìwà rere rẹ̀ yóò máa mú kí òun burẹ́wà. Lóòótọ́, ó tún ń bẹ̀rù kí Othello má tú àṣírí òun fún Cassio, ṣùgbọ́n ti ìwà rere yẹn ló kọ́kọ́ sọ. Ìlara tí oyè kò lè wò sàn nìyí.

Nínú ìran kẹta yẹn, Iago kò kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó rí Cassio tó ń kúrò lọ́dọ̀ Desdemona, ó ní èyí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Othello ní kí ló wí. Ó ní kò sí nǹkan. Ó béèrè bóyá Cassio mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn nígbà tí Othello ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà. Othello ní ó mọ̀, ó tiẹ̀ máa ń bá àwọn jíṣẹ́. Iago ṣe bí ẹni tí ẹnu yà, kò sì là á yé e. Othello fúnra rẹ̀ ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ tinú rẹ̀, Iago sì ń kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra fún owú! Ó rán an létí pé Desdemona ti tan bàbá rẹ̀ jẹ, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun, ọmọ Venice, lòun mọ ìwà obìnrin ìlú òun. Othello ti kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun yóò fojú rí kí òun tó fura, pé bí òun bá fura, òun yóò wá ẹ̀rí. Kí ìran náà tó parí, ó ti búra láti gbẹ̀san nítorí aṣọ ìnujú Desdemona tí Iago ní òun rí i tí Cassio fi ń nu irùngbọ̀n. Ní 1693, Thomas Rymer, alárìíwísí kan, fi aṣọ ìnujú yìí ṣẹ̀sín, pé ohun kékeré ló gbé eré ńlá dání. Lójú tèmi, kíkéré rẹ̀ ló jẹ́ kó bá a mu. Ọkàn tó ti gba ìfura bí ẹ̀rí kò nílò ohun ńlá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Irú èyí ni alárìíwísí F. R. Leavis sọ ní 1937, pé inú Othello ni ọ̀dàlẹ̀ wà. N kò dá Othello láre. Òun ló pa aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Roderigo, tí ìfẹ́ Desdemona ń pa, náà fi owó àti ẹ̀mí ṣòfò lọ́wọ́ Iago. Cassio gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tó fún un lọ́tí tó fi pàdánù ipò rẹ̀. Desdemona kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó bá òun bẹ ọkọ òun. Ṣé àbùkù Othello ló mú àwọn wọ̀nyẹn? Olóòótọ́ ni wọ́n ń pe Iago káàkiri ibùdó, kò sì sí ìwà òmùgọ̀ nínú kí ọmọ ogun gba ẹni tí wọ́n ti jọ dójú ogun gbọ́.

Emilia ló béèrè ohun tó yẹ kí Othello béèrè. Ní apá kẹrin, níṣojú Iago, ó ní ta ni Desdemona ń bá rìn, níbo, nígbà wo, báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Kò tíì mọ̀ pé ọkọ òun lòun ń bá wí. Lálẹ́ ikú náà, bí Othello ṣe dárúkọ aṣọ ìnujú, Emilia sọ ohun tó mọ̀: òun ló he é, òun ló fún Iago, ẹni tó ti bẹ òun léraléra pé kí òun jí i. Iago ní kó panu mọ́, kó lọ sílé, ó kọ̀. Iago gún un pa. Nígbà tí Othello ní kí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n bá nínú àpò Roderigo àti ẹnu Cassio ni wọ́n fi mọ ìyókù.